Ẹnu Mẹ́wàá, Ìkòkò Kan: Bí Ìyá Aláta Ṣe Ń Bọ́ Ilé Rẹ̀ Lásìkò Ọ̀wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà ló ń tà ní ọjà Bódìjà. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ méje ni Ọlọ́run fún wọn, ìyá ọkọ sì ń bá wọn gbé. Ẹ bá mi ka ẹnu tó ń jẹun nínú ilé yẹn: ẹnu mẹ́wàá géérégé, ìkòkò kan ṣoṣo.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ariwo sọ nílé wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdìrì ló mú ìwé wálé pé wọ́n ń béèrè owó ìdánwò WAEC. Bàbá wo ìwé náà títí, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé kí n lọ jalè ni? Látìgbà tí sìmẹ́ńtì ti wọ́n, ta ló tún ń kọ́lé? Jẹ́ kó gbé igbá ata, kó máa bá ẹ kiri. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, á padà sílé ìwé."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti gbé igbá lérí, mélòó nínú wọn lẹ ti rí tó padà sídìí ìwé?"

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ líle. Ọkọ ní ìyàwó ń kó owó pamọ́. Ìyàwó ní ọkọ ń fi owó mutí. Ìyá àgbà ló jáde láti yàrá, tó ní kí àwọn méjèèjì jókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá béèrè: "Èló ló ń wọlé nínú ilé yìí, èló ló sì ń jáde?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu wọ́n wọhò. Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Ìyá ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń jà nítorí owó, kò sí èyí tó lè sọ iye owó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́, bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè ìyá yẹn lálẹ́ òní, ṣé ẹ lè dáhùn?

A TI RÍ IRÚ RẸ̀ RÍ

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀wọ́n á máa bá wa fà á. Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ rántí owó Údójì? Ìjọba fi owó kún owó oṣù, wọ́n san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní 1975, òṣìṣẹ́ ń jó, ṣùgbọ́n kí ijó tó tán, nǹkan ọjà ti gun òkè. Ní 1982, Ààrẹ Shehu Shagari ní ká ṣọ́wó ná, wọ́n pè é ní ọ̀sítárítì. Ní 1984, a tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì, ohun tí a ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé, náírà sì wálẹ̀ wìì.

Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá tèmi ń fi ẹja títà bọ́ nígbà SAP yẹn. Àpò méjì ló wà nínú tòbí rẹ̀. Àpò ọ̀tún ni owó ẹja, àpò òsì ni owó ilé. Bí ọmọ bá ń sunkún ebi lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ ìyá mi kì í kan àpò ọ̀tún. Nígbà yẹn, a máa ń sọ pé ahun ni. Àfi ìgbà tí èmi náà di abiyamọ ni mo tó mọ̀ pé àpò ọ̀tún yẹn ló bọ́ wa dàgbà.

Ọ̀wọ́n tòní, gbogbo wa mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì fi máa di ìparí 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Ní oṣù kẹfà 2023 kan náà, wọ́n ní kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, náírà bá ṣubú. Owó ọkọ̀ tó ń kó ata láti òkè Ọya wálé gun orí ata. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́ ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní oṣù keje 2024. Ṣùgbọ́n ìyá aláta, ta ló ń sanwó oṣù fún un? Bíríkìlà ńkọ́? Télọ̀ ńkọ́? Àwa tí kò ní owó oṣù, orí ìṣirò la ó máa gbé.

ÌWÉ ỌMỌLÉÈWÉ KAN ÀTI BÁÍRÒ KAN

Ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe kò le. Ó ra ìwé ọmọléèwé kan, ó so báírò mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹni tó bá náwó nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ á bá a kọ ọ́. Kò sí ìbáwí, kò sí "kí lo rà yẹn sí?" Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ kọ owó páráagà rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó kà á, kò sọ̀rọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò rí páráagà nínú ìwé yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n jókòó tì í. Owó ńlá kọ́ ló ń pa ilé yẹn, owó kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni. Àwọn ọmọ mẹ́fà tó ń lọ ilé ìwé ń gba ₦200 ₦200 lójúmọ́ láti fi ra ìpápánu. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦1,200 lójúmọ́, ₦6,000 lọ́sẹ̀ kan! Ìyá bá ń jí ṣe mọ́ínmọ́ín, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ dání pẹ̀lú ẹ̀kọ. ₦2,000 ló ń ná wọn lọ́sẹ̀, ₦4,000 sì kù sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ₦32,000 nìyẹn. Owó tí bàbá ní òun ò mọ ibi tóun ti máa rí i, inú ìpápánu ló ń gbé.

Nǹkan kejì ni rírà ní dẹ́ríkà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rán ọmọ sí ìsọ̀ òdìkejì lọ ra dẹ́ríkà ìrẹsì kan, ìgò epo kan. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà: ẹni tó ń ra díẹ̀díẹ̀ ló ń ra ọ̀wọ́n jù. Àpò kan wúwo fún ẹnì kan, lóòótọ́. Ìyá Ìbejì pe ìyá mẹ́ta ládùúgbò, wọ́n dáwó, wọ́n ra àpò gààrí kan, wọ́n fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n lójú ara wọn. Kò sí pé ẹnì kan rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ẹ kíyè sí ìgbà pẹ̀lú. Ẹ̀wà tuntun máa ń wọ ọjà bí ọdún bá ń parí lọ, nígbà tí wọ́n bá kórè lókè Ọya. Ìgbà yẹn ló yẹ ká rà á. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ má da oògùn kòkòrò sí i o! Oògùn tó ń pa kòkòrò, èèyàn náà ló ń pa. Ẹ yẹ ẹ̀wà wò kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó gbẹ, kó kún dẹ́nu, kẹ́ ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, kíkú ló ń kú.

OWÓ ỌJÀ KÌ Í ṢE OWÓ ỌBẸ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ súnmọ́ mi níbí, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ká fi wí pé ẹ ra apẹ̀rẹ̀ ata kan ní ₦30,000. Ẹ tà á tán, ₦36,000. Inú yín dùn, ẹ ní ẹ jèrè ₦6,000. Ẹ san owó aláàárù àti owó ọkọ̀, ₦1,500. Ẹ mú ₦3,000 níbẹ̀, ẹ fi se ọbẹ̀. Ó kù ₦31,500 lọ́wọ́ yín. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ alágbàtà, ó ní apẹ̀rẹ̀ kan náà ti di ₦34,000! Ẹ wá ń wá ₦2,500 tí ẹ máa fi kún un. Ẹ ò jèrè ₦6,000 rárá. ₦500 péré lèrè ọjà yẹn. Ojú owó lẹ jẹ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́, tí àtẹ wọn sì ń kéré sí i. Lásìkò ọ̀wọ́n, iye tí ẹ máa fi ra ọjà padà ni kẹ́ ẹ fi ṣírò èrè, ẹ má fi iye tí ẹ rà á tẹ́lẹ̀ ṣe é. Kí ẹ tó tú owó lò, ẹ béèrè iye apẹ̀rẹ̀ tuntun lọ́wọ́ alágbàtà. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìyẹn sí àpò ọ̀tún. Ohun tó bá kù ló jẹ́ tilé.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà, télọ̀, owó tí oníbàárà kó fún yín láti ra sìmẹ́ńtì, pákó tàbí òwú, kì í ṣe owó yín. Ẹni tó bá fi jẹun lónìí, ọ̀la ló máa sá fún oníbàárà. Bí ẹ bá sì dá iye fún iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye yìí kò kọjá ọjọ́ 7, torí ọjà kò dúró. Bàbá Ìbejì ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rí, tó dá iye fún iṣẹ́ lóṣù kan, tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí kó tó bẹ̀rẹ̀, tó sì fi owó ara rẹ̀ parí iṣẹ́ olówó.

BÍ WỌ́N ṢE PÍN ẸGBẸ̀RÚN KAN

Owó ò dọ́gba lójoojúmọ́, nítorí náà wọn kò sọ pé iye báyìí ni ti oúnjẹ. Ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí èrè, yálà láti ọwọ́ bàbá tàbí ìyá, wọ́n ń pín in báyìí: ₦600 fún oúnjẹ, ₦150 fún ilé ìwé, ₦100 fún owó ilé àti iná, ₦100 fún àjọ, ₦50 fún àìsàn. Bí ó bá wọlé púpọ̀, á pín púpọ̀. Bí ó bá wọlé díẹ̀, á pín díẹ̀. Tiyín lè yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ní tiyín.

NÍDÌÍ ÀÀRÒ

Ẹ̀wà tí ẹ máa sè lọ́la, ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́. Kì í pẹ́ jinná, èédú ò sì ní jó púpọ̀. Bí ọbẹ̀ bá kúrò lórí iná, tí èédú ṣì ń pọ́n, ẹ gbé omi lé e fún ìwẹ̀ àwọn ọmọ.

Ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èèwọ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ̀wà, edé, ẹja ṣàwá àti ẹyin ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀wà sóyà. Láti 1987 ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé-iṣẹ́ IITA n'Íbàdàn ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi í se oúnjẹ ilé wa. Fún ògì ọmọ kékeré, ẹ mú kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ se sóyà náà, kẹ́ ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo tí ẹ ti rẹ, torí sóyà tútù kì í dà nínú ọmọ. Àwọn àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, Ìyá Ìbejì bu ilẹ̀ sí i, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti gbúre sẹ́yìn ilé. Kò pé oṣù kan àbọ̀ tó ti ń já a.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin baálé má bínú sí mi. Nígbà tí ẹran bá kéré, ọmọ tó ń dàgbà àti aboyún ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Bàbá tó jẹ ẹran mẹ́ta nígbà tí ọmọ ń lá omi ọbẹ̀, ṣé bàbá nìyẹn?

ÀJỌ, KỌ́Ọ̀PÙ ÀTI GBỌ́MÚ-LÉ-LÁŃTÀ

Àjọ dára. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ní oṣù ọlọ́jọ́ 31, ₦15,500 ni. Alájọ á yọ ọjọ́ kan tirẹ̀, ẹ̀yin á gba ₦15,000. Ṣùgbọ́n ẹ gba owó yín bí oṣù bá ti parí, ẹ má fi sílẹ̀ kó jọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, alájọ kan gbé owó oṣù mẹ́rin mi sá lọ rí. Títí di òní, n kò fojú kàn án. Ẹ mọ ilé alájọ yín, ẹ mọ oníduròó rẹ̀, kí káàdì yín má sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tó bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ gbé e lọ sí báńkì tó ní ìwé àṣẹ. Láti oṣù karùn-ún 2024, bí irú báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance bá kógbá sílé, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NDIC ló máa san owó oníbàárà padà, títí dé ₦2,000,000. Ta ló máa san ti alájọ?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí a ń pè ní kọ́ọ̀pù, tún dára jù fún ẹni tó fẹ́ yáwó. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́.

Èyí tí mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ rọra ṣe ni owó olóṣọ̀ọ̀sẹ̀, gbọ́mú-lé-láńtà tí gbogbo yín mọ̀. Ká fi wí pé ẹ yá ₦100,000, ẹ ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦120,000 lẹ máa san. Ọ̀sẹ̀ kejì ni sísan ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ọjà ti tà, bóyá kò tà. Bí ẹ bá fi ra ọjà tó ń tà kíákíá, ẹ lè rọ́nà gbé e gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ra aṣọ ẹbí, ẹ ti wọ gàù. Aṣọ kì í bí owó. Lọ́dún kan ṣoṣo, aṣọ ẹbí márùn-ún ni Ìyá Ìbejì rà, mẹ́rin nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti àwọn tí kò bá a ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní báyìí, á lọ kí olóde, á wọ aṣọ tó ti ní tẹ́lẹ̀, á sì fún un ní owó díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Wọ́n bú u lẹ́ẹ̀kan. Bú-bú náà ò kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

OHUN TÍ A KÌ Í DÍN

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé yẹn wò, ọmọbìnrin náà rí i pé owó oògùn ìyá àgbà kéré. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí ìyá máa lò lójoojúmọ́, ìdajì ló ń rà. Wọ́n bi í. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọjọ́ méjì méjì ni mò ń lò ó. Mo ní kí ẹ lè fi ìyókù jẹun."

Bàbá Ìbejì sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ará, ṣíṣọ́wóná kì í ṣe pípa ara ẹni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí èèyàn ń lò lóòkan lọ́jọ́ méjì lè di àrùn rọpárọsẹ̀, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ ò sì ní tó san ní ọsibítù. Ẹ dín àríyá kù, ẹ dín ìpápánu kù, ẹ dín dátà fóònù kù. Ẹ má dín oògùn, ẹ má dín oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ má sì tètè fa ọmọ kúrò ní ilé ìwé. Látọjọ́ yẹn ni ₦50 àìsàn ti wọ inú ẹgbẹ̀rún kan wọn.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ

Kì í ṣe pé wọ́n ti lówó o. Bàbá Ìbejì ṣì máa ń jókòó sílé lọ́jọ́ mìíràn tí iṣẹ́ kò sí, owó ilé ọdún yìí ṣì ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kò gbé igbá. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Òun náà ló sì ń kọ ìwé owó fún ilé wọn lálálẹ́, tí àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó yí i ká.

Mo bi Ìyá Ìbejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí, èwo ló ràn yín lọ́wọ́ jù?" Mo rò pé á ní mọ́ínmọ́ín tàbí àpò gààrí. Ó ní, "Ìgbà tí ọkọ mi àti èmi ti jọ mọ iye tó wà ńlẹ̀, a ò jà nítorí owó mọ́. A kàn jọ ń wá a ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe nílé yín tí ìkòkò fi ń hó, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ìwé ọmọléèwé kan àti báírò kan ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwo àwọn ọmọ wa gbẹ. Àmín.